Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Àǹtí Moróunkẹ́

Àǹtí Moróunkẹ́ ti kú. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá la sin wọ́n ní Kaduna níbí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Àwọn dókítà ní jẹjẹrẹ ọmú ló pa wọ́n. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kọ́kọ́ ṣì wọ́n lọ́nà, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí inú tó ń bí mi lè rọlẹ̀ díẹ̀.

Tíṣà ni Àǹtí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kakuri, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ibẹ̀ ṣì ń fọn fèrè láàárọ̀. Ní Sátidé, àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ inú ẹgbẹ́ àwa Yorùbá Kaduna ní Yorùbá, àwọn ọmọ tí èèyàn á kí ní Yorùbá tí wọ́n á fi Hausa dáhùn pé "Ina kwana". Àǹtí láwàdà débi pé wọ́n lè mú òkú rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ ara, eré parí nìyẹn. Ọmọ tó bá pe ọmú ní ọmú níwájú àgbà, etí rẹ̀ á gbóná. "Àyà là ń pè é! Ṣé inú igbó ni wọ́n ti bí ẹ ni?" Èmi gan-an, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, wọ́n ti fa etí mi rí lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ sì wo ìlú tí wọ́n ń gbé o! Láti Rigasa dé Ungwan Dosa, àwọn obìnrin tó ń ta wàrà a máa ru igbá kiri, "nono" ni wọ́n ń ké. Nono yìí kan náà ni Hausa ń pe ọmú. Gbogbo ìlú ń pariwo ọmú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú ò ti ẹnikẹ́ni, àfi Àǹtí Moróunkẹ́.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì kan wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí obìnrin tó bá ti lé lógójì ọdún máa lọ ya fọ́tò ọmú lóòrèkóòrè, bí nǹkan kan ò tilẹ̀ ṣe é. Lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí ti dé ilé ìwòsàn ìjọba kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀. Inú wọn dùn pé Yorùbá ni akọ̀wé tó ń kọ káàdì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ kàǹtà, wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ọmọ mi, mo wá ya fọ́tò àyà."

Akọ̀wé, ọmọ tí Kaduna tọ́, kọ ọ́ lédè òyìnbó pé "chest". Ibi tí ilé ìwòsàn ti ń ya fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró ni Àǹtí bá ara wọn. Èsì jáde: àyà mọ́ kedere. Ijó ni Àǹtí jó wọlé. "Nọ́ọ̀sì yẹn ní ẹ̀rọ náà á fún ara pinpin. Irọ́ ni! Kò tiẹ̀ fún mi níbì kankan." A rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì wá, a rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún kejì, àyà mọ́. Ní ọdún kẹta, kókó kan ti yọ. Àǹtí sọ fún dókítà lédè òyìnbó pé nǹkan kan le ní "chest" àwọn. Ìtìjú kan náà ló wọ aṣọ òyìnbó. Dókítà wo káàdì, kò wo obìnrin. Ó ní fọ́tò tí wọ́n tún yà fi hàn pé àyà Màmá mọ́, ó sì kọ oògùn ara ríro fún wọn.

Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ìgbà mẹ́ta ni Àǹtí gbé àbọ̀ ọ̀rọ̀ wọ ilé ìwòsàn yẹn. Inú ta ló ti di odindi? Obìnrin tí kò wúkọ́, tí kò mu sìgá, kí ló fẹ́ fi fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró ṣe lọ́dọọdún? Ṣé ó fẹ́ fi kọ́ sí pálọ̀ ni?

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn náà tó ń jẹ́ Zakiyyah fi máa ní kí Àǹtí bọ́ bùbá lọ́dún tó kọjá, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Omi lé sí ojú Zakiyyah. "Mama, don me ba ki ce nono ba?" Ó fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi kúkú pè é ní nono. Àǹtí mi dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì pé, "Mo rò pé ẹ máa bu wàrà fún mi ni." Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Èmi sáré jáde lọ sunkún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ya fọ́tò ní ilé ìwòsàn náà. Ó mú mi lọ wo ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ọmú. Yàrá tó tẹ̀ lé ti ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló wà! Ọ̀rá tó wọ̀ dé láti òkè òkun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ní kí ni àwọn fẹ́ ṣe, àwọn obìnrin kì í wá. Wọn kì í wá, àbí? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀kan nínú wọn gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá.

Ẹ̀yin ará ilé ìwòsàn yẹn, ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo wá bẹ̀. Ẹ fa ọ̀rá yẹn ya. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé, dókítà àti ọ̀gá jáde wá sọ ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi bèèrè pé, "Màmá, àyà wo lẹ ń wí?" Ẹ tún gbogbo káàdì obìnrin tí ẹ kọ "chest" sí yẹ̀ wò, kí ẹ sì pe àwọn tó ni ín padà nígbà tí wọ́n ṣì lè jẹ́ ipè.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, gbogbo àwa obìnrin ẹgbẹ́ ń bọ̀ ní kàǹtà yín, ìyá àgbà àti ìyàwó. A ò mú àbọ̀ ọ̀rọ̀ kankan dání. Akọ̀wé, mú bírò rẹ: ọmú. Kọ ọ́ bí a ṣe pè é.

Àǹtí Moróunkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa etí wa.