Abúlé Onílé Mọ́kànlá

Abúlé kan wà ní Jámánì tí n kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí, àmọ́ bí ẹ bá jí mi lójú oorun báyìí, mo lè ka àwọn ilé ibẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé mọ́kànlá ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gba iwájú wọn kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì wà ní òkè ọ̀nà, odò kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú tí n kò lè ka orúkọ àdúgbò mẹ́fà nílùú bàbá mi láìdúró ronú!

Ìyá arúgbó ọmọ abúlé náà tí ilé wọn fara kan tiwa nítòsí pápá Parsloes ló kọ́ mi. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà tí sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fẹ́ wọn tó sì mú wọn wá sí Dagenham ní London. Ọkọ náà ti kú tipẹ́, wọn ò sì bímọ. Àwọn ará abúlé wọn ń ṣe ìwé ìtàn, wọ́n wá bẹ Màmá yìí pé kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá rántí ránṣẹ́. Ojú wọn ò ríran kọ̀wé mọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, bí mo bá ti kúrò nílé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń se oúnjẹ, màá lọ jókòó sídìí tábìlì wọn. Wọ́n á máa sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi á máa kọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan lọ́hùn-ún ló ń túmọ̀ rẹ̀.

Omi ló kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Ìdílé mọ́kànlá ló gbẹ́ kòtò títí omi fi fà, wọ́n gbin ọkà, wọ́n gbin pòtétò, wọ́n sin màlúù. Ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ẹni tó bá sì wọ inú ilé, orúkọ ilé ni yóò máa jẹ́. Bàbá àgbà wọn fẹ́ ọmọbìnrin tó jogún ilé kan, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ṣe lọ. Mo ní irú ọkọ wo nìyẹn, Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Ogun kan dé, ó kó gbogbo ẹṣin lọ, màlúù ni wọ́n fi túlẹ̀ lọ́dún náà. Ogun kejì kó àwọn ọkùnrin lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ dé, oko kéékèèké dàpọ̀ di ńlá, àgbẹ̀ mọ́kànlá wá ku méjì.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n ń padà sí ṣáá. Láyé àwọn baba ńlá wọn, iná ràn mọ́ òrùlé koríko kan lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán tán, ilé mẹ́fà ti jó, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ pè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣòfin aládùúgbò àkọ́kọ́. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ o, kì í ṣe ẹbí. Ilé tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ ni. Ilẹ̀kùn rẹ̀ lo máa kàn bí iná bá ń jó, bí aboyún bá ń rọbí, bí ẹnikẹ́ni bá ń lé ọ. Bí o bá kú, òun ni yóò fún wàrà màlúù rẹ, tí yóò sì lọ láti ojúlé dé ojúlé láti túfọ̀. Ẹ lè máa bára yín jà, ẹ lè má kíra yín fọ́dún mẹ́wàá, bó bá ti kanlẹ̀kùn, o gbọ́dọ̀ ṣí i.

“Ilé rẹ ló wà lọ́wọ́ òsì mi,” ni wọ́n wí lọ́jọ́ kan, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lé mi lọ́wọ́.

Mo gbà á. Kí n má parọ́ fún yín, ojo ni mí. Ẹni dúdú tí kọ́kọ́rọ́ ilé arúgbó òyìnbó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ da ìbéèrè bò? Mo gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi. N kò lò ó rí.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kọkànlá, nínú gbọ̀ngàn tí ìjọ wa háyà ní Barking, tí gbogbo wa ti bọ́ bàtà tí a wọ funfun, ẹ̀mí gbé ìyá aríran kan. Ara wọn ń gbọ̀n. Wọ́n la àárín èrò kọjá, wọ́n wá dúró síwájú mi.

“Màmá yìí, mo rí ògiri. Ohun kan ń kan ògiri yẹn. Ẹ má dá a lóhùn o! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ tan àbẹ́là, ẹ gbé omi àdúrà. Bí ẹ bá dá a lóhùn, ẹ máa bá a lọ ni.”

Láti kékeré ni ìyá mi ti ń kì mí nílọ̀ pé bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pè mí, tí n kò rí ẹni tó ń pè, kí n panu mọ́. Mo ti pẹ́ ní London, mo ti bí ọmọ síbẹ̀, mo tilẹ̀ ti ń fi mílíìkì sí tíì bí tiwọn, àmọ́ ẹ̀rù yẹn ò kúrò lára mi.

Lọ́jọ́ Ajé, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ń já ẹ̀fọ́. Kó. Kó. Kó. Inú ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ló ti ń wá. Ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kó. Kó. Mo sáré gbé sùtánà mi wọ̀, mo tan àbẹ́là, mo bu omi wọ́n ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà kíkan-kíkan. Bó bá ti kàn, èmi náà á gbé ohùn sókè. Mo bá a wí, mo dè é, mo lé e padà síbi tó ti wá. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni a jọ wà níbẹ̀, tibí tọ̀hún.

Ṣé mi ò mọ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri yẹn ni? Mo mọ̀. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n fẹ́ mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí Màmá bá nílò nǹkan, wọ́n á tẹ̀ mí láago bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo wo fóònù, kò dún. Mo ní ṣẹ́ ẹ rí i, kì í ṣe ènìyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti lọ sílẹ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó tún kàn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ pé àdúrà ti ń borí. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo dín ẹja fún àwọn ọmọ. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo rí i pé kọ́tìnnì Màmá ṣì wà ní títì. Ọjọ́ ìwé wa ni. Mo rìn kọjá lẹ́nu géètì wọn, mo wọlé mi, mo tan àbẹ́là mìíràn.

Ọmọbìnrin mi ló wọlé bá mi lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Upney ló ti wà láti ọjọ́ Àìkú. Kò tí ì bọ́ kóòtù tó fi dúró tó tẹ́tí sílẹ̀.

“Mummy, ẹ ò gbọ́ ni? Someone's banging on the wall.”

“Má dá a lóhùn! Ọjọ́ mẹ́ta ò tíì pé.”

“Dá kí ni lóhùn? Mummy, that's Grandma next door!” Ó wo àbẹ́là, ó wo omi tó ń kán lára ògiri. “How long ló ti ń ṣe báyìí?”

“Láti àná.”

“Since àná? Ah-ah, Mummy! Kọ́kọ́rọ́ dà?”

Ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, n kò sì fún un. Títí di òní mi ò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá mo rò pé bí ẹnì kan bá máa kú, kó má jẹ́ ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó dá mi lójú pé bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn yẹn, ó parí fún mi. Mo di ojú mi méjèèjì, mo sì ṣí i.

Ìdí àtẹ̀gùn ni Màmá wà, nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan ká sábẹ́ wọn. Wọ́n ti tọ̀ sára. Ètè wọn ti là. Bàtà kan wà lọ́wọ́ wọn, gìgísẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń kan ògiri. Wọ́n ṣí ojú, wọ́n ní, “O dé.”

Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì bi mí pé ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti wà nílẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ọmọ mi wò mí.

Lọ́jọ́bọ̀ ni mo tó lè lọ sí ọsibítù. N kò tíì dé ìdí bẹ́ẹ̀dì tí nọ́ọ̀sì kan fi rẹ́rìn-ín sí mi. “You're the lady who prayed through the wall! She's told everyone.” Mi ò mọ ibi tí màá fojú sí.

“Mo gbọ́ ọ,” Màmá wí. Ohùn wọn ti há. “Bí mo bá ti kàn án, wàá gbóhùn sókè. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ mi, pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Bí kì í bá ṣe ohùn rẹ ni, ǹ bá ti jẹ́ kí ẹ̀mí pin. Ìwé dà?”

Ìwé wà nínú báàgì mi. A ti kọ ìtàn ilé mẹ́wàá. Ilé kẹsàn-án nìkan ló kù, n kò sì bèèrè ìdí rẹ̀ rí.

“Júù ni wọ́n,” wọ́n ní. “Màlúù ni ọkọ ń tà. Ọmọbìnrin wọn àti èmi jọ jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ilé wa ló wà lọ́wọ́ òsì wọn. Nígbà tí ìjọba wá fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn lọ́sàn-án gangan, ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́, wọ́n sá wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n kanlẹ̀kùn. Bàbá mi jókòó sídìí tábìlì, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Wọ́n ń kàn án, wọ́n ń kàn án, nígbà tó yá, wọn ò kàn án mọ́. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló bà á. Kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Omi ojú mi ń kán sórí ìwé, mo fi apá aṣọ nù ún.

“Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi náà kànlẹ̀kùn ní Dagenham, aládùúgbò àkọ́kọ́ mi gbọ́, ó sì dúró tì mí títí ó fi ṣílẹ̀kùn.”

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́, mo tilẹ̀ ti la ẹnu. Mo wo ọwọ́ wọn lórí aṣọ ìbora, bí oríkèé ìka wọn ṣe dúdú tó sì wú. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti ọjọ́ Ajé lọ. Mo tẹ bírò mọ́ ìwé, mo kọ ọ́ bí wọ́n ti wí.

“Kà á sí mi létí.”

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n dijú, wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

“Ṣé kò sí ohun tí a fò?”

“Kò sí, Màmá,” mo wí.