Ìró Ọkàn Àbúrò Mi

Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí kan ní Olówógbowó kò tíì kúrò nímú mi dòní. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà a máa gba ojú fèrèsé wọlé, a sì gbé òórùn ẹja tútù pàdé ti oògùn.

Ìyá mi ló lóyún. Èyí tó ní ṣáájú ti bàjẹ́ lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó fi ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Bó bá gbé garawa, wọ́n á gbà á. Bó bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pariwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kírun tán, ó jókòó sórí ẹní, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó sọ fún bàbá mi pé ọmọ náà kò mira nínú òun láti àná. Télọ̀ ni bàbá mi, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò rí nǹkan sọ ju èyí tó máa ń sọ lọ: "Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ." Ó ní kí wọ́n máa lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Èmi Rísí náà tẹ̀ lé wọn, torí kò sẹ́ni tó rántí lé mi lọ sílé ìwé.

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló gbà wá. Ó mú igi kan jáde tó dà bí fèrè, ẹnu kan fẹ̀, èkejì pẹlẹbẹ. Ó gbé ẹnu tó fẹ̀ lé ikùn ìyá mi, ó fi etí lé èkejì, ó dijú. Ó sún un síhìn-ín, ó sún un sọ́hùn-ún. Àwọn ọlọ́jà ń kiri níta, ó ń ṣe mí bíi kí n lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ìyá Rísí, ọmọ yín ń sùn ni. Ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa."

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ," bàbá mi wí.

Ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀, ó fi etí lé igi náà. Ojú rẹ̀ là rekete. "Háà! Ó ń sáré! Ta ló ń lé e?"

"Bí ti ọmọ inú ṣe máa ń yára nìyẹn, sà," ni nọ́ọ̀sì wí. Ẹ̀rín pa àwọn aboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi di ikùn mú.

Wọ́n jẹ́ kí èmi náà gbọ́. Ó dà bí ìgbà téèyàn fi etí lé aago tí wọ́n fi aṣọ wé. Mo yí ẹnu sí igi náà, mo pariwo: "Àbúrò mi, jí o!" Àfi gìì tí ikùn ìyá mi sún! Ọmọ náà ta á nípàá níṣojú gbogbo wa.

Odindi ọ̀sẹ̀ ni mo fi ṣe fáàrí ládùúgbò pé èmi ni mo jí i. Nígbà tí wọ́n bí i, tó jẹ́ ọkùnrin, tó sì ń ké fatafata, mo ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé e ṣáájú mi.

Mo ti dàgbà ju iye ọdún tí ìyá mi jẹ́ nígbà náà lọ dáadáa, èmi náà sì ti lóyún rí. Ìrìn àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ń rò báyìí. Ìyá mi kò mọ̀ bóyá ọmọ inú rẹ̀ wà láàyè, síbẹ̀ ó di ọwọ́ mi mú láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Olówógbowó, ó ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún mi, ó ń dúró kí n dáhùn. Mo já gbogbo rẹ̀, inú mi ń dùn. Bó bá jẹ́ èmi, mi ò rò pé mo lè rántí àlọ́ kan ṣoṣo.