Àwọn Ẹlẹ́rìí Mi Láti Alabar

Ọ̀rẹ́ mi wo ojú-ewé mi títí, ó gbé fóònù náà kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "Chalé, ẹni tó ni eléyìí, ṣé ó wà láyé?"

Yàrá rẹ̀ ní Ayigya, ní Kumasi, la wà. A jọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní yunifásítì ni. Òun ti ríṣẹ́, èmi ò tíì rí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ojú-ewé náà wà, níbi tí àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ti máa ń wo irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ kí wọ́n tó pè é. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ kò ju orúkọ mi, ìwé-ẹ̀rí mi, àti gbólóhùn kan: "Mò ń wá iṣẹ́." Mi ò rí irọ́ kankan níbẹ̀.

"Kò sírọ́," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Kò sì sí ènìyàn níbẹ̀. Kọ ọ́ pé amòye ni ẹ́."

"Amòye nínú kí ni?"

"Nínú dátà."

Mo bi í pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ọjọ́ tí òun di amòye. Ó ní ta ló fẹ́ gbé mi lọ sí kóòtù. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòtù. Bí ẹnì kan bá pè nítorí amòye, amòye ni yóò máa bi ní ìbéèrè, èmi ni màá sì gbé fóònù.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Kí lo ti ṣe gan-an?"

Ìbéèrè yẹn ló ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ sìnlú tí gbogbo ẹni tó jáde yunifásítì ń ṣe, ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó omi ẹ̀rọ ni wọ́n gbé mi sí. Àwọn ènìyàn a máa pè láti ṣàròyé pé omi ò wá, àròyé náà a sì máa gun orí ara wọn. Mo pín wọn ní àdúgbò-àdúgbò, kí àwọn tó ń tún páìpù ṣe lè mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní kí n pa "Mò ń wá iṣẹ́" rẹ́, torí ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ kì í tẹ "ẹni tó ń wá iṣẹ́" síbi ìwádìí. Orúkọ iṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe ló ń tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo lọ ka ìpolówó iṣẹ́ lóríṣiríṣi, mo wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń padà wá nínú wọn, mo sì mú kìkì èyí tó bá ohun tí mo ti ṣe mu. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: màá yí ọ̀kan, màá dúró, màá wò ó bóyá àwọn tó ń yẹ ojú-ewé mi wò pọ̀ sí i. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń fà wọ́n. Ó dùn mọ́ mi bí eré, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré: màmá mi, tó ń ta abọ́ ní ọjà Alabar, ti gba ṣọ́ọ̀bù kejì ní Dichemso, ó sì ti sọ pé bí iṣẹ́ ò bá yọjú kí àwẹ̀ tó dé, èmi ni màá dúró síbẹ̀. Mi ò kórìíra ṣọ́ọ̀bù. Mo kàn mọ̀ pé nínú ìdílé wa, ẹni tó bá ti wọlé síbẹ̀ kì í jáde mọ́.

Ibì kan ṣì ṣófo lójú-ewé náà, níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń jẹ́rìí pé ènìyàn mọ iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ bẹ àwọn ènìyàn. Ojú ń tì mí. Màmá mi bá mi níbi tí mo ti ń wò ó.

"Kí lo tún ń wá lójú fóònù yẹn?"

"Wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn jẹ́rìí sí mi, Màámi."

"Àwọn wo ló ti jẹ́rìí?"

"Kò tíì sí."

Ó gbé abọ́ tó ń nù sílẹ̀. "O lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí o ò mọ̀ rí, o sì dá lọ?"

Nílé wa, ènìyàn kì í dá lọ tọrọ nǹkan. Bí o bá ń wá yàrá, bí o bá ń wá ìyàwó, bí o bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, àgbà kan ló máa bá ọ lọ. Òun ni yóò sọ̀rọ̀, ìwọ á wolẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú bàbá bàbá mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kumasi. Mo ṣàlàyé pé ẹni tó bá rí ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ ló yẹ kó jẹ́rìí. Màmá mi ní òun ti gbọ́.

Ohun tó gbọ́ ló gbé lọ sórí gúrúùpù fóònù ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wa. Ó fi ohùn sílẹ̀ fún wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ń wá iṣẹ́, wọ́n ní ó yẹ kó ní ènìyàn. Ẹ lọ dúró lẹ́yìn ẹ̀. Medaase paa, ẹ ṣé púpọ̀." Ó ti pe ọ̀rẹ́ mi pé kó fi líǹkì ránṣẹ́ sí òun, ìyẹn rò pé ó kàn fẹ́ wo ojú-ewé ọmọ rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, fóònù mi ò sinmi. Àwọn tí kò ní ojú-ewé tẹ́lẹ̀ ṣí i nítorí mi. Ìyá tó ń ta ọṣẹ nítòsí wa jẹ́rìí pé mo mọ ìtúpalẹ̀ dátà. Ẹni tó ń rán fìlà jẹ́rìí pé mo lè darí òṣìṣẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ní mo mọ èdè kọ̀ǹpútà kan tí mi ò ṣí rí. Alhaji tó ń ta táyà àlòkù, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi kí bàbá mi tó kú, kọ tirẹ̀ gùn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló wà nínú rẹ̀:

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Mo ní kó bá mi ka táyà nígbà kan. Ó ní ọ̀kan ń jò, òun ò ní kà á mọ́ èyí tó dáa. Mo ní kà á. Ó ní rárá, Alhaji. Kí Allah gbé e ga. Àmín."

Ọ̀rẹ́ mi pè mí, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. "Màmá ẹ ti pa ẹ́. Ẹni tó bá rí èyí á ní o ra ẹlẹ́rìí ni."

Mo mọ̀ pé mo lè fi wọ́n pamọ́. Mo sọ ọ́ fún màmá mi.

"Ṣé wọ́n á mọ̀ pé o yọ àwọn?"

"Bóyá wọn ò ní mọ̀."

"Wọ́n bá ọ dé ẹnu ọ̀nà onílé, o wá ní kí wọ́n máa padà. Ó dáa náà."

Mo ṣì ń rò ó síwá sẹ́yìn nígbà tí obìnrin kan pè láti Accra. Ó ń bá iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe mítà omi wá ẹni tí yóò máa ka àròyé àwọn oníbàárà wọn ní Kumasi.

"Mo rí i pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn jẹ́rìí sí ọ," ló wí. "Ṣé o sanwó fún wọn ni?"

"Rárá, mà. Màmá mi ló pè wọ́n."

Ó tún bi mí: "Èwo lo mọ̀ nínú ohun tí wọ́n ní o mọ̀?"

Mo sọ fún un pé mo mọ bí a ṣe ń to dátà, mo sì ń kọ́ bí a ṣe ń fi í ya máàpù. Mi ò gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà yẹn. Mi ò sì tíì darí ẹnikẹ́ni.

"Ti táyà ńkọ́?"

"Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tí mo rí ni mo sọ. Ó lè jẹ́ pé òmíràn náà ń jò."

Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa fi ìdánwò ránṣẹ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo yọ ẹ̀rí èdè kọ̀ǹpútà àti ti dídarí òṣìṣẹ́ kúrò, mo fi ìyókù sílẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ohun tí mo mọ̀ àti èyí tí mo ṣì ń kọ́ sókè wọn.

Mo ṣe ìdánwò náà. Wọ́n gbà mí kí àwẹ̀ tó wọlé. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ síwèé, mi ò lè pa á mọ́ra, mo bi obìnrin náà léèrè ohun tó mú un dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti ń dùn mí pé màmá mi ba ìwádìí mi jẹ́: ọ̀rọ̀ tí mo kọ àti àwọn ẹlẹ́rìí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Obìnrin náà ní àròyé omi lòun tẹ̀ síbi ìwádìí, àwa púpọ̀ la sì jáde. Òun ti fẹ́ kọjá lórí tèmi, àfi bí òun ṣe rí ti táyà. "Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó bá Alhaji jiyàn," ló wí. Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì lè ya èyí tó jẹ́ iṣẹ́ mi kúrò lára èyí tó jẹ́ ti màmá mi.

Màmá mi ò béèrè ju ohun kan lọ: "Ṣé o ti lọ dúpẹ́?"

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Alhaji láàárín táyà rẹ̀ ní Alabar.

"Sannu, onítáyà," ló kí mi. "Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ díẹ̀ níbẹ̀, sà."

"Tò. Lọ mọ ìyókù."

Ó yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó na ojú-ewé tirẹ̀ sí mi. Àwòrán táyà ló fi síbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé òun mọ táyà lẹ̀. "Tèmi náà ṣófo," ló wí. "Ó yá, jẹ́rìí sí mi."

Ìka mi ti fẹ́ẹ̀ kàn án kí n tó rántí pé mi ò rí i kó lẹ táyà rí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti máa ń ṣe é.

"Alhaji, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lẹ ọ̀kan kí n rí i."

Ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó yí táyà kan jáde láti ìdí ògiri, ó fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ńṣì sọ́dọ̀ mi.

"Jókòó," ló wí. "Má ṣẹ́jú."