Àga Màmá àti Àwòrán Òṣùpá

Bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ fi ìyà jẹ èèyàn, á kọ́kọ́ wúkọ́, á ní, "Ìrọ̀rùn ló ń bí iṣẹ́ gidi." Ìrọ̀rùn tirẹ̀ nìkan ló ń wí. Òun ló ni awò awọ̀nàjíjìn tó fi ń ya òṣùpá, àwa la máa ń bá a rù ú láti Òkè Baálẹ̀ nígboro lọ sí ilé Màmá wa ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí kò ti sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń dí ojú ọ̀run.

Ó ní bí òun bá na ẹsẹ̀ awò náà sókè, afẹ́fẹ́ á máa mì ín, àwòrán á sì dàrú. Ó rẹ awò náà sílẹ̀, ó ń tẹ̀ wò ó, ni ọrùn bá ń ro ó. Mo gbé àpótí ìdáná fún un, ó ní ó le jù fún ìdí òun. Nígbà tí a lọ sóko, ó mú ayùn, ó gé ẹsẹ̀ àga tí bàbá wa fọwọ́ ara rẹ̀ kàn kó tó kú, kí ìjókòó rẹ̀ lè bá awò náà dọ́gba. Àga yẹn nìkan ni Màmá, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, lè dá dìde lórí rẹ̀.

"Ta lẹ gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀?" mo bi í.

"O ò mọ ohun tó ń jẹ́ àwòrán."

Àwòrán òṣùpá náà mọ́ kedere lóòótọ́. Ó fi férémù sí i, ó gbé e wá fún Màmá lórí àga gígé náà. "Ẹ wò ó, Màmá, kò mì rárá."

Màmá wò ó títí. "Ó dára, ọkọ mi. Ṣé ó lè fà mí dìde?"

Títí dòní, bí Màmá bá fẹ́ dìde, àfi kó ké pe ẹnìkan.