Ìyá Aago Ò Dín Máìlì

Olórí kunkun ni àbúrò mi obìnrin. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Láti kékeré ló ti wà bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí wa nà án títí, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, nígbà tó yá wọ́n fi í sílẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ti bá a jà ju bí mo ṣe bá ọkọ mi jà lọ, ọkọ mi gan-an sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Ìyá Aago ni wọ́n ń pè é nídìí iṣẹ́. Aago ara ògiri kọ́ ló ń tún ṣe o. Àwọn aago tó wà níwájú dírẹ́bà nínú mọ́tò ni: èyí tó ń sọ bí mọ́tò ṣe ń sáré tó, èyí tó ń sọ bí epo ṣe kù sí, àti máìlì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ka gbogbo ọ̀nà tí mọ́tò ti rìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ara pátákó kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Tí pátákó yẹn bá jóná, àbúrò mi ló máa tú u, tó máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́rin gbáko. Nígbà tó dá dúró, àwọn oníbàárà á dé, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní, "Ọ̀gá ńkọ́?" Á ní, "Òun lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ yìí." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fà sẹ́yìn, wọ́n á jókòó de ọ̀gá. Á jẹ́ kí wọ́n jókòó títí ìdí á fi máa ro wọ́n.

Ọgbà tí a ti ń ṣiṣẹ́, ti ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò àlòkù ni. Alága là ń pè é. Ẹ má bi mí pé alága ẹgbẹ́ wo, òun ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹ má sì bínú bí mo ṣe ń sọ "ó" fún un pẹ̀lú bó ṣe dàgbà tó. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán. Inú ọgbà rẹ̀ ni àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù onípáànù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni tèmi, níbi tí mo ti ń rán awọ ìjókòó mọ́tò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni àbúrò mi ti lò níbẹ̀, kò sì sí oníbàárà rẹ̀ tó mọ ọ̀nà ibòmíràn. A ò ní ìwé àdéhùn kankan. Ẹnu Alága ni ìwé wa. Tó bá ní ká wà níbẹ̀, a wà níbẹ̀ nìyẹn. Tó bá ní ká kó ẹrù, ká yáa máa di ẹrù. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í sọ pé rárá fún un.

Àbúrò mi wá ní àṣà kan. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú mọ́tò, olówó mọ́tò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ka máìlì sókè, òun á kọ ọ́ sínú ìwé, olówó mọ́tò á buwọ́ lù ú. Tí pátákó bá ti kú tí nọ́ńbà ò hàn mọ́, á yọ ẹ̀yà dúdú kan tí kò tó èékánná lára rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni nọ́ńbà ń gbé, bí aago tiẹ̀ jóná. Á fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á ka nọ́ńbà náà, á sì gbé e sínú pátákó tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò. Torí pé pátákó àlòkù yẹn, inú mọ́tò ẹlòmíràn ni wọ́n ti tú u, máìlì ẹlòmíràn ló wà lójú rẹ̀. Tí èèyàn bá kàn gbé e síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mọ́tò yẹn á máa pa kiri.

Àwọn èèyàn á ní, "Ìyá Aago, ẹ ti le jù." Wọn ò mọ ohun tójú ẹ̀ rí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbé irú pátákó bẹ́ẹ̀ sínú mọ́tò awakọ̀ kan tó ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé, kò sì bìkítà nípa máìlì. Aago ń ṣiṣẹ́, iná ń tàn, ó bùṣe. Àṣé máìlì yẹn lọkùnrin náà ń wò láti mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì. Máìlì ní ó ṣì kù. Bẹ́líìtì já níbi tí mọ́tò ti ń gun òkè, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn pẹ̀lú ọmọ mọ́kànlá nínú rẹ̀. Ògiri ilé kan ló gbà á dúró. Ọmọ kan dá lápá. Awakọ̀ náà ò pariwo o. Ó gbé bẹ́líìtì tó já sórí tábìlì àbúrò mi, ó ní, "Mo gba aago yín gbọ́," ó bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò mi ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dákẹ́.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Alága ní kí wọ́n ti mọ́tò aláwọ̀ eérú kan wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi. Wáyà ti gbiná nínú rẹ̀, pátákó aago ti dúdú. Alága fúnra rẹ̀ ló gbé pátákó mìíràn dání nínú ọ̀rá. Ó ní agbẹ̀bí kan ń bọ̀ wá gbé mọ́tò náà láago mẹ́rin, obìnrin kan tó máa ń wakọ̀ lọ bá àwọn aboyún nílé wọn.

Àbúrò mi so pátákó náà mọ́ ọn. Iná tàn. 61,408 kìlómítà.

Ẹ wá wo ẹ̀rín lẹ́nu Alága! "Ó ti dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Dè é mọ́bẹ̀."

"Mi ò tíì ka ti àtijọ́, sà."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ti àtijọ́?"

Àbúrò mi ti ń yọ ẹ̀yà dúdú yẹn lára pátákó tó jóná. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kà á tán, nọ́ńbà jáde: 238,915. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ la rí i. Alága náà rí i, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Èmi ni mo ni mọ́tò. Èmi ni mo ni ilẹ̀ tí o dúró lé. Mò ń lọ gba ìpè kan. Tí mo bá padà dé tí nọ́ńbà yẹn bá yí, kó páànù ẹ kúrò nínú ọgbà mi lónìí. Lónìí o, mi ò ní lọ́la."

Bó ṣe kẹ́yìn sí wa, mo sáré wọlé tọ àbúrò mi lọ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́: mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Àbúrò mi, má ba tiwa jẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún! Níbo lo fẹ́ kó lọ? Mọ́tò kan ṣoṣo, kí ló dé tó o fẹ́ torí ẹ̀ kú?" Mo tiẹ̀ fọwọ́ gbá tábìlì, mo ní orí kunkun ẹ yìí á pa ẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ó wò mí. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀, bóyá kó gbé nọ́ńbà tòótọ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá.

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Mi ò bá yín jiyàn. Ẹ̀yin ẹ fọwọ́ ara yín tẹ rárá."

Mo na ìka. Ẹ gbà mí, ìka náà ò lọ. Torí èmi nìkan ló mọ ohun tí mo mọ̀ nípa mọ́tò yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, Alága ti gbé ìjókòó rẹ̀ wá fún mi. Ti dírẹ́bà ti gbó dé inú fóòmù, irin ti fẹ́ yọ, apá òsì ti wọlẹ̀ níbi tí èèyàn ti ń jókòó láti ọdún gbọọrọ. Ó ní kí n fi awọ tuntun bò ó, mo sì bò ó, mo rán an débi pé mo ń yin ara mi. Kì í ṣe àkọ́kọ́. Ogún ìjókòó, ọgbọ̀n, mi ò mọye. Háà! Àṣé láti ọjọ́ yìí ni èmi náà ti ń bá a dín máìlì, abẹ́rẹ́ ni mo kàn ń fi ṣe tèmi.

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Àbúrò mi na ọwọ́ kọjá níwájú mi, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Alága dé, ó bẹjú wo inú mọ́tò. 238,915. "Dá a padà," ó ní.

"Kò ṣeé dá padà, sà. Irú mọ́tò yìí, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń gòkè ni, kì í sọ̀ kalẹ̀."

Ariwo tó pa, ẹni tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Ó pè é ní aláìmoore, ó pè é ní wèrè, ó ní kó kó gbogbo ẹrù ẹ síta. Àbúrò mi ní, "Ẹ ṣé, sà," ó fa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Ó ń ká a létòlétò.

Alága wá kọjú sí mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìyá oníjókòó, kò kan tìẹ. Ìwọ, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Tí obìnrin yẹn bá dé, máa sọ fún un pé aago tí wọ́n gbé sí i ló ń ṣe ségesège, pé mọ́tò ò rìn tó bẹ́ẹ̀. Tìẹ á máa dára níbí."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni agbẹ̀bí náà wọlé, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ó kí wa. Ó yọjú wo aago, ó ní, "Háà, Alága, ẹ sọ fún mi pé bí ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ni."

"Aago yẹn ò dáa," Alága ní. "Ẹ bi obìnrin yìí. Òun ló ṣe inú rẹ̀, ó mọ mọ́tò náà dáadáa."

Gbogbo wọn wò mí. Àbúrò mi náà dúró pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́.

Mo mú abẹ tí mo fi ń gé awọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, mo ki abẹ bọ ojú rírán tí mo fi ọwọ́ ara mi rán, mo sì ya á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fóòmù tó ti gbó yọ síta, irin yọ tẹ̀lé e.

Mo ní, "Ìyá, ẹ wá wò ó. Aago yẹn ò purọ́. Èmi ni mo ti ń purọ́."

Alága yíjú sí mi. "Ìwọ náà?" ó ní.

"Èmi náà," mo ní, mo sì lọ tú orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí èmi náà lè di ẹrù.