Ẹ̀wù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Wọ̀ Kúrò Nílé

Ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n mi ti ogun dé, ẹ̀wù rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn kí wọ́n tó kó wọn lọ sójú ìjà. Ó fi ìyàwó tí kò tíì bímọ sílẹ̀ nílé bàbá wa ní Kétu. Lẹ́yìn ọdún kan, ṣọ́jà kan tí wọ́n jọ lọ fi ọ̀pá rìn wọlé tọ̀ wá wá, ó gbé báàgì tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ ní àgọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ní àwọn ọ̀tá lúgọ dè wọ́n lẹ́bàá afárá kan, òun nìkan ló sì rí ọ̀nà sá.

Bàbá wa lọ sí bárékè. Akọ̀wé ibẹ̀ yẹ ìwé wò títí, ó ní, “Bàbá, orúkọ ọmọ yín ò sí lára àwọn tó kú. Ẹ ṣì ní sùúrù.”

Sùúrù kẹ̀! Bàbá wa ní ọmọ òun ò ní wà nínú igbó láìsí ẹni tó máa gbàdúrà fún un, pé òkú kì í dúró de ìwé ìjọba. A pe àwọn ààfáà, a ṣe fídáù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n wá tú báàgì, wọ́n pín ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀wù búlúù tó wọ̀ kúrò nílé ló kàn mí.

Lẹ́yìn ẹ̀wù, ó kan opó. Àwọn àgbà ní kí n ṣú u, kí ó má baà jáde nílé wa. Obìnrin náà nìkan ló bẹ̀bẹ̀ pé, “Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ò sọ pé ó kú.” Ìyá wa ní kó dákẹ́, pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èmi ò sọ nǹkan kan. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Káfíńtà tí kò lówó ìgbéyàwó ni mí, obìnrin náà sì wù mí. Mo ṣú u. Títí dòní ni mo fi ń bú ara mi.

Ogun parí. Àwọn ará Kétu dúró sójú títì, wọ́n ń wo lọ́rì tó ń kó ọmọ wọn bọ̀. Àwa ò ní ẹni tí à ń retí.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan lẹ́yìn náà. Mo ń fá pákó níwájú ilé, ọmọ mi ń rá nínú èérún igi, nígbà tí ọkùnrin kan tó rù hangogo dúró tì mí. Ẹ̀wù ló kọ́kọ́ wò, ó wá wo ọmọ.

“Ọmọ ta nìyí?”

Ìyàwó mi jáde, ó rò pé àlejò ni, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà.” Ọkùnrin náà ní, “Ṣé dáadáa lo wà?” Ìyàwó mi mọ ohùn yẹn.

Bàbá wa ló sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní àwọn ọ̀tá ló mú òun, pé nígbà tí ogun parí, ọsibítù ni wọ́n gbé òun lọ, òun sì ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà méjì sílé. Ìkankan ò dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ẹ̀wù náà. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú.

“Má bọ́ ọ. Ó bá ọ mu.”

Ó gba omi, ó mu ún lórí ìdúró, ó sì padà sí bárékè kí oòrùn tó wọ̀. Kò wá sílé mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ mi. Ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó sì ká a sísàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Mi ò bi í léèrè ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ dè.