Ọ̀rá Kòkó Monílọ́lá

N kò kábàámọ̀ ohun tójú Silas Adébùsóyè rí. Ó tọ́ sí i, kódà ó kéré. Ti ẹ̀gbọ́n mi, Monílọ́lá, ló ṣì ń dùn mí.

Oǹdó ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Tíṣà ni bàbá wa, ìyá wa ń ṣe ọṣẹ dúdú. Monílọ́lá ló máa ń jó èèpo kòkó di eérú, òun náà ló ń sẹ́ omi rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó ríṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò kẹ́míkà ní ilé ìwé gíga kan ní Àkúrẹ́ tí n kò ní dárúkọ, ó sì gba ilé sí Ìsìkàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi fọ ìgò fún àwọn dókítà tí kò lè fọ ife tí wọ́n fi mu tíì.

Silas ni ọ̀gá rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni ọ̀rá dúdú tí àwọn àgbẹ̀ fi ń tọ́jú irúgbìn kòkó. Ọ̀rá yìí kì í jẹrà, nítorí pé ẹ̀wọ̀n gígùn ni nínú lọ́hùn-ún, kò sì sí oríkèé kankan lára ẹ̀wọ̀n náà tí kòkòrò inú ilẹ̀ lè gé. Monílọ́lá ló ní kí wọ́n da èròjà kejì pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ níbi tí wọ́n ti ń sè é, èyí tó rí róbótó bí òrùka. Bí òrùka náà bá wọnú ẹ̀wọ̀n, yóò là, yóò sì di oríkèé tí ilẹ̀ lè jẹ.

Àmọ́ òrùka yìí kò fẹ́ràn ásíìdì rárá. Ìwọ̀nba bíńtín tó bá kù lára ìgò ti tó láti bà á jẹ́. Ọdún méjì gbáko ni wọn ò rí i ṣe, àfi ìgbà tí Monílọ́lá rántí iṣẹ́ ìyá wa, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi eérú ṣan àwọn ìgò kó tó kó wọn sínú ófùnù láti gbẹ. Ó ri ọ̀rá àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ ní oko Bàbá Ràímì ní Ilu-Abo, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó fi aṣọ títà sílẹ̀ lọ gbin kòkó. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi fọ́ wẹ́wẹ́.

Silas kọ ọ́ sínú ìwé, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló sì fi sí i. Ó tún lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ń gbọ́ bó ṣe ń sọ pé Ọlọ́run ló fún òun lọ́gbọ́n. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi í léèrè ìdí tí orúkọ òun ò fi sí i, ọkùnrin náà ní, “Monílọ́lá, ta ló ń kọ orúkọ ẹni tó fọ ìgò?” Oṣù yẹn náà ló ní kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àga sí.

Ẹ̀gbọ́n mi wá sílé mi. Ó ní òun ò kọ omi eérú sílẹ̀ níbì kankan, pé “ìgò mímọ́” lásán lòun kọ.

“Bímbọ́lá, ṣé kí n sọ fún un?”

“Ẹ má sọ nǹkan kan, àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́.

Silas ní kí wọ́n fi ásíìdì fọ ìgò, bí wọ́n ti kọ ọ́ nínú ìwé ńlá. Ọ̀rá tó jáde dúdú, ó ń dán, ṣùgbọ́n ọ̀rá lásán ni. Nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n gbin kòkó mẹ́wàá tọ̀rá-tọ̀rá sí oko ilé ìwé, kí ọ̀rá náà lè jẹrà nínú ilẹ̀. Mẹ́wàá péré la gbọ́.

Ní oṣù Kọkànlá, àwọn àlejò tó fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá wá láti Èkó. Àwa náà lọ. Monílọ́lá wọ aṣọ tó dára jù lọ tó ní. Wọ́n hú èkíní, ọ̀rá rẹ̀ ṣì ń dán. Wọ́n hú ìkejì àti ìkẹta, bákan náà ni. Silas ní bóyá òjò ò tó. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò gbọn yẹ̀pẹ̀ dànù lọ́wọ́, gbogbo wọn sì wọ mọ́tò lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wo Silas lójú. “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ta ló fọ ìgò?”

Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni Bàbá Ràímì dé. Ó ti gbọ́ pé a wà níbẹ̀. Ó mú igi kòkó kan tí ewé rẹ̀ ti pọ́n lọ́wọ́, ọ̀rá ṣì wà nídìí rẹ̀, gbòǹgbò sì ti ká jọ sínú ọ̀rá náà. Kò wo Silas. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló lọ.

“Lọ́lá, ẹgbẹ̀ta ni mo gbìn. Gbogbo ẹ̀ ló ń kú.”

“Bàbá, ta ló fún yín ní ọ̀rá yìí?”

“Dókítà yìí ni. Mo kọ́kọ́ kọ̀ fún un. Mo ní n kì í gbin ohun tí Lọ́lá ò bá mọ̀ sí. Òun ló ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọ̀rá Monílọ́lá ni.”

Bàbá náà gbé igi kòkó náà lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó sì padà sí oko rẹ̀ lọ hú ìyókù.